Ọlálérè Kò Jẹ́ Nígbà Tí Wọ́n Pè É

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, fara balẹ̀ kí o kà á. Bóyá ibùdókọ̀ lo wà, bóyá iwájú yàrá dókítà lo jókòó sí, tí o ń retí kí wọ́n pe orúkọ rẹ. Ìtàn ẹni tó dúró bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Nǹkan bíi wákàtí márùn-ún ló fi jókòó sójú kan, tó ń fura sí gbogbo ẹni tó kọjá, títí Olúwa fi bá a níbẹ̀.

Ọlálérè lorúkọ rẹ̀. Ìkàrẹ́-Àkókó ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Kọ́kọ́rọ́ ló ń gé, àgádágodo ló ń tún ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú ilé, tó sì ti ilẹ̀kùn, Ọlálérè ni wọn yóò sáré lọ pè.

Iṣẹ́ náà yé e dé ìdí. Nínú àgádágodo, àwọn irin tín-ín-rín kan wà tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, sípíríǹgì kékeré ló sì ń ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Eyín kọ́kọ́rọ́ ló ń gbé wọn sókè. Bí gbogbo wọn bá dọ́gba, àgádágodo á yí. Bí ẹyọ kan péré bá ga jù tàbí tó kéré jù, kò ní yí, bí o tilẹ̀ fi òòlù lù ú.

Nítorí pé ó mọ bó ti rọrùn tó láti ṣí ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn, kò fọkàn tán ilẹ̀kùn kankan. Mẹ́ta ni àgádágodo tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò fọkàn tán ènìyàn. Bí o bá kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín, yóò máa rò ó pé kí lo ń wá. Bí o kò bá kí i, ó ti mọ ohun tí o ń gbèrò.

Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o. Ó tilẹ̀ ní ìjókòó tirẹ̀, ìyẹn èyí tó fara ti ògiri ẹ̀yìn pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó sẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tó fura sí jù láyé yìí ni Adédayọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àbújá.

Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, Adédayọ̀ wálé wá ṣe ọdún tuntun, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sì jọ jẹun. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, bí Ọlálérè ti ń gé kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣàdédé rọ. Fáìlì bọ́ sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó sì fún un ní oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́. Inú oṣù yẹn kan náà ni wọ́n gbé Adédayọ̀ ga lẹ́nu iṣẹ́.

Ọlálérè fi ọ̀rọ̀ méjèèjì wéra. Ó sọ fún Tẹjúmádé, ìyàwó rẹ̀, pé, "Ọwọ́ òsì mi ló fi gba ipò yẹn."

Ó da oògùn dókítà nù. Ó wá ọkùnrin kan lọ ní ọ̀nà oko, ẹni tó rán ońdè aláwọ fún un pé kó máa so ó mọ́ ìbàdí. Èèwọ̀ méjì ló bá ońdè náà wá. Èkíní, kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ Adédayọ̀ mọ́. Èkejì, bí Adédayọ̀ bá pe orúkọ rẹ̀, ìbáà jẹ́ lójúkojú, ìbáà jẹ́ lórí fóònù, kò gbọdọ̀ jẹ́. Ọjọ́ tó bá jẹ́, ọjọ́ náà ni yóò kú.

Ni Ọlálérè kò bá jẹ́ mọ́. Fún ọdún mẹ́sàn-án, bí Adédayọ̀ bá pe fóònù, Tẹjúmádé ló ń gbé e. "Bàbá Dọ̀tun ò sí nílé, sà," lobìnrin náà yóò wí, bẹ́ẹ̀ Bàbá Dọ̀tun jókòó tì í, tó ń jẹ ẹ̀pà.

Ní oṣù kìíní ọdún tí mò ń sọ yìí, tí ọyẹ́ mú gidigidi, Mọ́júbọ́lá, ìyàwó Adédayọ̀, pè láti Àbújá. Ó ní, "Bàbá Dọ̀tun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Ara ẹ̀gbọ́n yín ni kò fi bẹ́ẹ̀ yá. Kò sí nǹkan o, àmọ́ ẹ wá."

O mọ bí a ti ń ṣe nílẹ̀ wa. Bí ọ̀ràn bá le, a kì í sọ ọ́ bó ti rí. A ó ní ara rẹ̀ kò yá díẹ̀, ẹni tí à ń wí sì ti lè wà ní mọ́ṣúárì. Ọlálérè yí ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn bí ẹni ń yí kọ́kọ́rọ́ wò nínú ìmọ́lẹ̀. Ṣé ó ti kú ni? Bí kò bá tíì kú, kí ló ń wá mi fún?

Tẹjúmádé gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó béèrè dáadáa. Àìsàn ọkàn ni. Wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún Adédayọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ní aago méjì ọ̀sán. Àwọn dókítà kò fi pa mọ́ pé ó lè má jí. Ohun kan ṣoṣo ló sì ní òun fẹ́ kí wọ́n tó gbé òun wọlé: òun fẹ́ rí àbúrò òun.

Ojú Ọlálérè tàn. "Ó fẹ́ jẹ́wọ́ ni. Ó ti rí i pé ọ̀nà jìn, ó fẹ́ jẹ́wọ́."

"Bó jẹ́wọ́, bí kò jẹ́wọ́, ẹ ṣáà lọ," Tẹjúmádé wí.

"Ìwọ náà ń gbè é?"

"Bàbá Dọ̀tun, ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń bá yín purọ́ lórí fóònù. Ó ti sú ẹnu mi."

Adédayọ̀ ní kí Mọ́júbọ́lá bá òun bẹ̀ ẹ́ kó má gba ojú ọ̀nà wá sí Àbújá nítorí àwọn ajínigbé. Ó fi tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ránṣẹ́, láti Àkúrẹ́ sí Àbújá, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà. Èyí pẹ̀lú mú ìfura wá. Kí ló dé tó fi jẹ́ bàálù? Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nínú bàálù, ibo lèèyàn fẹ́ sá gbà?

Síbẹ̀ ó lọ. Kì í ṣe ìfẹ́ ló mú un lọ, má jẹ́ kí n tàn ọ́. Ó fẹ́ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ìjẹ́wọ́ náà, ó sì pinnu pé bí Adédayọ̀ bá pe orúkọ òun, ojú lásán lòun yóò fi wò ó.

Ìdájí ló kúrò ní Ìkàrẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ ń gun òkè Ọ̀kà, ọyẹ́ ti bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ iwájú ọkọ̀ kò ju bí ìgbà téèyàn di àtùpà mú lọ. Awakọ̀ ń fọn fèrè ní gbogbo kọ́nà. Wọ́n gba Ọ̀bà kọjá, wọ́n gba Ọ̀wọ̀, wọ́n sì dé Àkúrẹ́ kí aago mẹ́jọ tó lù.

Ní ẹnu ìloro tí wọ́n ti ń yẹ èrò wò, ẹ̀rọ ké lé Ọlálérè lórí.

"Bàbá, kí lẹ so mọ́bàdí?" òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ béèrè.

"Oògùn ìbàdí ríro ni."

"Oògùn wo ló ní irin nínú?"

"Ìbàdí ọ̀hún ló le."

Àwọn tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Òṣìṣẹ́ náà fọwọ́ kan ońdè náà látorí aṣọ, ó rí i pé kì í ṣe ọ̀bẹ, ó yára fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó nu ún mọ́ ṣòkòtò, ó ní kó máa kọjá.

Aago mẹ́sàn-án lù, wọn kò pe ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ aṣọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà dúró nídìí tábìlì. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sáyà rẹ̀: Success. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sọ gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ pé ojú ọjọ́ kò dára, kí àwọn èrò ṣe sùúrù. Ó bá gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀.

Ọlálérè wo òkè láti ojú fèrèsé. Òjò kò rọ̀. Ìjì kò jà. Àràá kò sán. Oòrùn tilẹ̀ wà lókè, ó funfun bí owó ẹyọ. Ó wí nínú ara rẹ̀ pé, "Ojú ọjọ́ wo ló tún dára jù báyìí? Irọ́ ni wọ́n ń pa."

Nígbà tó di aago mẹ́wàá, Success ní ó ku díẹ̀. Nígbà tó di mọ́kànlá, ó tún ní ó ku díẹ̀. Pátákó tó ń fi àkókò ọkọ̀ hàn ṣì ń sọ pé aago mẹ́sàn-án ni wọn yóò gbéra, bíi pé aago mẹ́sàn-án kò tíì dé. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ọkùnrin kan ní ìpàdé òun ti bàjẹ́. Ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Alhaja Limota tẹ́ ìborùn sílẹ̀, ó jókòó lé e, ó ní bí wọn kò bá gbé òun, òun kò ní kúrò níbẹ̀, àfi bí wọ́n bá gbọn òun dànù.

Ọlálérè ní tirẹ̀ kò pariwo. Ó ń ṣọ́ wọn. Ó rí i tí Success lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn kan, tó padà wá. Ó rí i tí ó fi fóònù pè, tí kò sì sọ̀rọ̀. Ó ń fọkàn to àwọn nǹkan wọ̀nyí papọ̀, ó sì dá a lójú pé ẹnì kan ló ń dá ọkọ̀ náà dúró kí òun má baà gbọ́ ìjẹ́wọ́ Adédayọ̀.

Ní kété lẹ́yìn aago mọ́kànlá, ariwo bàálù dé láti òkè. Gbogbo èrò dìde. Ariwo náà ń súnmọ́, ó ń súnmọ́, gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ló yí ohùn padà, ó gòkè, ó sì jìnnà títí wọn kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún wọn.

"Ẹ rí i bí?" Ọlálérè pariwo, ìgbà àkọ́kọ́ tó la ẹnu rẹ̀ láti ìgbà tó ti jókòó nìyẹn. "Bàálù dé, wọ́n lé e padà! Ó ní ẹni ńlá kan tí wọ́n fẹ́ lọ gbé!"

"Wọn kò lé e," ẹnì kan dáhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Kò rí ilẹ̀ ni."

Bàbá arúgbó kan ni, ó wọ fìlà ọlọ́wùú, àpò ike kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ti wà lẹ́yìn Ọlálérè nígbà tí ẹ̀rọ ń ké, òun náà sì wà lára àwọn tó rẹ́rìn-ín. Orúkọ rẹ̀ ni Paul, ará Ọ̀kà-Àkókó. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ wíwo ojú ọjọ́ kó tó fẹ̀yìn tì.

Ó na ike omi kan sí Ọlálérè. "Ẹ gba omi, oníkọ́kọ́rọ́."

Ọlálérè sún sẹ́yìn. "Ta ló sọ fún yín pé oníkọ́kọ́rọ́ ni mí?"

"Àgádágodo ilé mi, ọwọ́ yín ni mo ti rà á ní Ìkàrẹ́. Ẹ yẹ ojú mi wò lọ́jọ́ náà bíi pé ilé yín gan-an ni mo fẹ́ lọ fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣí."

Ọlálérè kò gba omi náà. Ó wo ìdérí rẹ̀, ó rí i pé wọn kò tíì ṣí i, síbẹ̀ kò gbà á. Ta ló mọ̀ bóyá Adédayọ̀ ló rán bàbá yìí? "Ẹ̀yin ará Ọ̀kà," ló wí, "nítorí pé orí òkè lẹ̀ ń gbé, ẹ rò pé kò sí ohun tẹ́ ẹ kò rí."

Paul rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ mi nìyẹn nígbà yẹn, kí n máa wo ohun tí mo rí. Ẹ wá wòde. Ṣé ẹ rí táǹkì omi gíga kan lọ́hùn-ún?"

"Mi ò rí táǹkì kankan."

"Èmi náà kò rí i. Àmọ́ mo gba ibí lọ ní oṣù tó kọjá, mo rí i kedere. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ lókè Ọya, igi oṣè kan wà ní kìlómítà kan sí wa, òpó kan wà ní mẹ́ta, òkè kan wà ní mẹ́jọ. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, màá jáde, màá wò. Èyí tó jìnnà jù nínú èyí tí mo rí, òun ni màá kọ sílẹ̀, tí wọn yóò sì kà fún awakọ̀ bàálù. Oòrùn lè máa ràn lókè, kí eruku ọyẹ́ bo ìsàlẹ̀. Awakọ̀ á sọ̀ kalẹ̀ dé ìwọ̀n kan tí òfin là sílẹ̀. Tó bá débẹ̀ tí kò rí ojú pápá, kò gbọdọ̀ dán an wò. Á gòkè padà ni. Ohun tẹ́ ẹ gbọ́ nìyẹn."

Inú Ọlálérè dùn sí àlàyé náà láìfẹ́, nítorí ó fẹ́ràn láti mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní, "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ọmọbìnrin yẹn fi ń pa á mọ́?"

Paul dìde, ó lọ bá Success. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi bá a sọ̀rọ̀. "Ọmọ mi, àwọn èèyàn yìí fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀."

Omi lé sí ojú ọmọbìnrin náà. "Bàbá, èmi gan-an kò mọ̀. Mo ń pe ọ́fíìsì wa, wọn kì í gbé e. Ohun tí wọ́n bá kọ ránṣẹ́ ni mò ń kà. Láti òwúrọ̀ mi ò tíì jókòó."

Ọlálérè gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ ẹ́ lọ́kàn díẹ̀. Ẹni tí òun ti ń ṣọ́ láti òwúrọ̀ bí olè, kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ tó ń fi pa mọ́.

Nígbà tí aago kan ku ogún ìṣẹ́jú, fóònù rẹ̀ dún. Mọ́júbọ́lá ni. "Bàbá Dọ̀tun, wọ́n ti mú aago wá síwájú. Aago kan ni wọn yóò gbé ẹ̀gbọ́n yín wọlé. Ibo lẹ dé?"

"Àkúrẹ́ la ṣì wà."

Lẹ́yìn náà ni Ọlálérè gbọ́ bí fóònù ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ó sì gbọ́ ohùn kan tí kò tíì gbọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án. Ohùn náà ti di tín-ín-rín.

"Ọlálérè."

Kò jẹ́.

"Ọlálérè."

Ó pa fóònù náà.

Paul rí i. "Ta ni?"

Bóyá àárẹ̀ ló mú un, bóyá ọ̀rọ̀ Success ló rọ̀ ọ́ lọ́kàn, Ọlálérè sọ gbogbo rẹ̀: oúnjẹ ọdún tuntun, ọwọ́ òsì, ońdè tó ń so lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èèwọ̀ méjèèjì. Ó sọ ọ́ kíákíá, ó sì ń wo ẹ̀yìn bó ṣe ń sọ ọ́.

Paul kò bá a jiyàn. Ìbéèrè kan ló bi í. "Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ jẹun yẹn, kí lẹ rí? Mi ò béèrè ohun tẹ́ ẹ rò. Kí lẹ fi ojú yín rí?"

"Iyán ni. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí."

"Àwo mélòó?"

Láti ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń ro ọ̀ràn náà, kò tíì dé ibẹ̀ rí. Àwo kan ṣoṣo ni. Adédayọ̀ ló kọ́kọ́ bu òkèlè. Òun ló tilẹ̀ ti ẹran tó tóbi jù sí ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe láti kékeré.

Ó padà sórí ìjókòó rẹ̀.

Paul jókòó tì í. "Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Lọ́jọ́ kan, mo sùn lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí mo jí, mi ò jáde lọ wòde. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo rí òkè tó wà ní kìlómítà mẹ́jọ. Irọ́ ni. Bàálù kan fi ọ̀rọ̀ mi sọ̀ kalẹ̀ nínú eruku, díẹ̀ ló kù kó fi apá gbá òpó. Kò sẹ́ni tó kú. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé èmi ni. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí nígbà yẹn, bí ẹ̀yin náà. Orí eékún mi ni mo ti sọ fún Jésù pé, 'Apurọ́ ni mí, gbà mí.' Ó sì gbà mí. Lọ́jọ́ kejì mo lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá mi."

"Kí ni wọ́n ṣe fún yín?"

"Ìyà tó tọ́ sí mi ni. Mo sì sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà."

Ọlálérè ń wo ilẹ̀. "Èmi ń lọ gbọ́ ìjẹ́wọ́ rẹ̀ ni," ló wí jẹ́jẹ́. "Bàbá, inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ pé ó lè kú."

"Ẹ sọ ìyẹn fún Jésù."

"Ṣé kò ní bínú?"

"Kì í ṣe pé ó ń fura sí yín, oníkọ́kọ́rọ́. Ó mọ̀ ni. Ó ti mọ̀ kí ẹ tó kúrò ní Ìkàrẹ́. Ó mọ gbogbo inú yín tán, ó sì gba ikú lórí igi àgbélébùú nítorí yín, ó sì jí dìde. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá ló ti ń pè yín, ẹ kò jẹ́."

Láàárín èrò tó ń pariwo, Ọlálérè gbé orí lé ọwọ́. Kò mọ àdúrà gígùn kankan. Ó ní, "Jésù, mo ti kórìíra ọmọ ìyá mi lásán. Mo ti purọ́, mo sì ti mú ìyàwó mi purọ́. Awọ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ọ. Èmi nìyí. Dárí jì mí, kí o gbà mí."

Ó ki ọwọ́ sábẹ́ aṣọ láti tú ońdè náà. Okùn rẹ̀ ti le koko, kókó tó ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án kò tú. Òun tó ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn Ìkàrẹ́, kò rí kókó kan tú. Aago kan ti ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ibẹ̀ ni fóònù tún ti dún.

Kò dúró kí ó tú u tán. Ó gbé fóònù náà pẹ̀lú ońdè níbàdí.

"Ọlálérè."

Ó di apá Paul mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó jẹ́. "Èmi nìyí."

Kò kú. Ní òdìkejì, Adédayọ̀ bú sẹ́kún bí ọmọdé. Èdè ilé wọn ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà, kò sì pẹ́ rárá. Ọlálérè bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì sọ ohun tí òun ti rò sí i, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Nígbà tó parí, ó béèrè pé, "Ẹ ní ẹ fẹ́ rí mi. Kí lẹ fẹ́ sọ fún mi?"

"Kò sí nǹkan tí mo fẹ́ sọ," Adédayọ̀ dáhùn. "Mo kàn fẹ́ kí o jẹ́ mi lóhùn ni."

Àwọn nọ́ọ̀sì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ tì.

Bàálù náà kò gbéra lọ́jọ́ yẹn. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Success wá kéde pé ó di ọjọ́ mìíràn. Àwọn èrò yí i ká, wọ́n fẹ́ jẹ ẹ́ run. Ọlálérè fi ìgúnpá là wọ́n kọjá. Ó gba ike omi lọ́wọ́ Paul, ó gbé e fún ọmọbìnrin náà, ó ní, "Jókòó ná, ọmọ mi." Paul ní òun tún ní òmíràn. Ọlálérè mu ìyẹn, kò wo ìdérí rẹ̀.

Ọkọ̀ kan náà ló gbé àwọn méjèèjì padà sí Àkókó. Wọn kò tíì kúrò ní Ọ̀bà nígbà tí Mọ́júbọ́lá pè. "Bàbá Dọ̀tun, wọ́n ti jáde. Wọ́n ti lajú. Kò sí nǹkan o." Lọ́tẹ̀ yìí, Ọlálérè gbà á gbọ́ bó ti sọ ọ́. Paul sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀kà, ó ní kó má gbàgbé láti lọ rí dókítà nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn.

Tẹjúmádé ló fi sísọ́ọ̀sì gé ońdè náà kúrò níbàdí ọkọ rẹ̀. Ó fi ẹ̀mú ìdáná gbá a mú, ó sì sọ ọ́ sínú iná tí ìrẹsì wà lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ọyẹ́ rọlẹ̀, bàálù gbéra. Nígbà tí Ọlálérè dé ilé ìwòsàn ní Àbújá, Adédayọ̀ ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, abọ́ ọ̀gì wà níwájú rẹ̀ tí kò lè mu tán. Ó na abọ́ náà sí àbúrò rẹ̀. Ọlálérè gbà á, ó sì mu ún dé ìsàlẹ̀.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́?

Bóyá ìwọ náà ní ohun kan tí o so mọ́ra lábẹ́ aṣọ ìjọ́sìn. Bóyá kì í ṣe awọ; ó lè jẹ́ ìkùnsínú, ó lè jẹ́ irọ́ tí o ti ń pa tipẹ́, ó lè jẹ́ orúkọ ẹnì kan tí o kò fẹ́ gbọ́. Bóyá o tilẹ̀ ń fura sí Ọlọ́run fúnra rẹ̀, tí o rò pé bí òun bá pè ọ́, nǹkan kan ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ.

Kí lo fi ojú rẹ rí? Ta ló kú fún ọ? Ta ló jí ọ láàárọ̀ yìí?

Má sọ pé o fẹ́ tú gbogbo kókó ayé rẹ ná kí o tó dá a lóhùn. Ká ní Ọlálérè dúró di ìgbà tó bá tú kókó tán, tàbí di ìgbà tó bá dé Àbújá, ilẹ̀kùn yẹn ì bá ti tì kó tó sọ̀rọ̀. Bó ti wà ló ṣe jẹ́. Bí o ti wà ni kí ìwọ náà jẹ́.

Ronú pìwà dà lónìí. Kò béèrè iyàrá àkànṣe, kò sì béèrè ọ̀rọ̀ dídùn. Níbi tí o jókòó sí yìí, sọ fún Jésù pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ọ́, pé o gbà pé ó kú fún ọ, pé kó wá gbà ọ́. Lẹ́yìn náà, bí ẹnì kan bá wà tí ìkùnsínú ti mú kí o kọ̀ láti gbé fóònù rẹ̀, pè é kí o tó fi ìwé yìí pamọ́.

Olúwa ń pe orúkọ rẹ. Dá a lóhùn.